Ta ló gé ààyè Màmá kúrò? Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń fún fọ́tò pọ̀ láì gé etí rẹ̀

Lóṣù Kejìlá tó kọjá, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ wa dé láti ilé ìtẹ̀wé, ìjà sì bá a wọlé. Àwa ọmọ ìlú tó ń gbé ní Kubwa àti agbègbè rẹ̀ la ya fọ́tò tó wà lórí rẹ̀, létí adágún omi Jabi, lọ́jọ́ ìpàdé wa ọlọ́dọọdún. Bàbá Alága dúró lápá òsì, Akọ̀wé dúró lápá ọ̀tún, a sì fi ààyè ẹnì kan sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. A mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni Màmá, Ìyá Ẹgbẹ́ wa tó ti papò dà, máa ń dúró sí látìgbà tá a ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀.

Nínú kàlẹ́ńdà, ààyè yẹn ti pòórá. Èjìká Bàbá Alága kan èjìká Akọ̀wé gbágbá. Kò sẹ́ni tí wọ́n gé lórí, kò sẹ́ni tó tín-ín-rín ju bó ṣe yẹ lọ, gbogbo wa la pé síbẹ̀. Màmá nìkan ni kò níbi tó máa dúró sí mọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ pé: "Ta ló gé ààyè Màmá mi kúrò?" Àwọn kan ní AI ni. Àwọn kan ní ẹni tó ya wá ló ti ya òmíràn pa mọ́. Ẹni tó tẹ kàlẹ́ńdà búra pé òun ò gé ohunkóhun, pé ńṣe lòun kàn fún fọ́tò náà pọ̀ kó lè gba ojú ibi tí wọ́n ní kóun fi í sí.

Òótọ́ ló sọ. Iṣẹ́ fọ́tò ni mo fi ń jẹun nílùú Àbújá yìí, mo sì mọ irinṣẹ́ tó lò. Mo ṣèlérí fún ẹgbẹ́ pé màá ṣàlàyé rẹ̀, torí kò sẹ́ni tí kì í fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé nínú wa, yálà fún ìsìnkú, ìgbéyàwó tàbí ìkómọjáde, ọ̀pọ̀ ò sì mọ ohun tójú fọ́tò náà máa rí níbẹ̀.

Kí ló dé tí fọ́tò kì í fi kàn wọ ibi tá a bá fi í sí?

Ẹ wo ara adé ọba. Ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó wà lára rẹ̀ ní àwọ̀ kan ṣoṣo, àmọ́ tẹ́ ẹ bá sún sẹ́yìn díẹ̀, ojú èèyàn ló ń wò yín yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni fọ́tò rí. Ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tí wọ́n tò ní ìlà-ìlà ni, orúkọ tí wọ́n sì ń pe ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni píksẹ́lì.

Fọ́tò ẹgbẹ́ wa ní píksẹ́lì 1920 níbùú, ó ní 1080 lóòró. Tẹ́ ẹ bá fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, 2,073,600 ni. Ojú ibi tí wọ́n fẹ́ fi í sí lórí kàlẹ́ńdà dọ́gba níbùú lóòró, 1080 sí 1080. Ìyẹn ni pé nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, píksẹ́lì 840 gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, ohun mẹ́ta la máa ń ṣe sí irú ọ̀rọ̀ yìí. A lè gé etí fọ́tò, àmọ́ àwọn tó dúró sí etí náà ní bàbá àti ìyá tó bí wọn. A lè tẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí orí gbogbo èèyàn wá gùn bíi ṣúkù àgbàdo. A sì lè dín gbogbo rẹ̀ kù bákan náà, ká fi àlàfo sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, bí ẹ ṣe máa ń rí ọ̀já dúdú tí fíìmù sinimá bá ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́. Kò sí èyí tó tẹ́ oníbàárà lọ́rùn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọgbọ́n kẹrin tà, èyí tó ń yọ nǹkan láàárín fọ́tò dípò etí rẹ̀.

Ta ló mú ọgbọ́n kẹrin yìí wá, ṣé AI sì ni?

Ní 2007, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì, Shai Avidan àti Ariel Shamir, gbé e jáde níbi SIGGRAPH, àpérò àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ àwòrán, èyí tí wọ́n ṣe ní San Diego lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà lọ́dún yẹn. Seam carving ni wọ́n pè é. Seam ni ojú ibi tí aránṣọ ti so aṣọ méjì pọ̀. Nígbà tó di 2008, ilé iṣẹ́ Adobe fi í sínú Photoshop CS4, irinṣẹ́ àtúnṣe fọ́tò rẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní Content-Aware Scale. GIMP, irinṣẹ́ àtúnṣe fọ́tò tẹ́nikẹ́ni lè lò láì san kọ́bọ̀, ní àfikún tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Liquid Rescale.

Nítorí náà, ohun tó jẹ ààyè Màmá ti wà lórí kọ̀ǹpútà tipẹ́tipẹ́ kí ariwo AI tó gba ìgboro. Irinṣẹ́ tó ń ya ohun tí kò sí níbẹ̀ rí, irú Generative Fill tí Adobe gbé jáde ní 2023, ọ̀tọ̀ gbáà nìyẹn. Bí seam carving bá ń dín fọ́tò kù, kò fi nǹkan kan kún un. Yíyọ ló ń yọ, ó sì ń yọ ọ́ láàárín gbùngbùn.

Orúkọ tí Adobe sọ ọ́ yẹn ló ń ṣi èèyàn lọ́nà. Content-aware ń sọ pé irinṣẹ́ náà mọ ohun tó wà nínú fọ́tò. Kò mọ̀ ọ́n o. Kò mọ Alága, kò mọ adágún omi. Ohun kan ṣoṣo ló ń wò, èyí tá a máa dé láìpẹ́.

Báwo ló ṣe ń yọ nǹkan láàárín tí kò fi lápàá?

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo àwọn ọmọ ilé ìwé tó tò lórí ìlà láàárọ̀, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Ọ̀gá ní kí ọmọ kan kúrò nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, káwọn tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì sún sósì lẹ́sẹ̀ kan. Ìlà kọ̀ọ̀kan á dín ní ẹnì kan, àlàfo á dí, ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò ní mọ̀ pé ẹnì kan ti lọ.

Tó bá jẹ́ pé ọmọ kẹwàá ló ń kúrò ní gbogbo ìlà, òòró gbọọrọ la yọ yẹn, ó sì lè ba imú ẹnì kan nínú jẹ́. Nítorí náà, wọ́n gbà kí ipa náà máa yí. Tí ọmọ kẹwàá bá kúrò nílà kìíní, nílà kejì ẹni kẹsàn-án, ẹni kẹwàá tàbí ẹni kọkànlá ló lè kúrò. Kò gbọ́dọ̀ fò jù bẹ́ẹ̀ lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn ìlà á ṣẹ́, ojú èèyàn á sì dà bí àwo tí wọ́n fọ́ tí wọ́n tún lẹ̀ pọ̀. Ipa tó ń yí bíi ọ̀nà oko láti òkè fọ́tò dé ìsàlẹ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní seam. Èmi á máa pè é ní ipa.

Ipa wo ni ká wá yọ? Láyé àtijọ́, oníbodè máa ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kọjá lẹ́nu ibodè ìlú. Ẹ gbà pé píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ní oníbodè tirẹ̀. Iye tó máa gbà dúró lórí bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe yàtọ̀ sí ti àwọn tó múlé tì í. Ojú ọ̀run tó mọ́, aró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aró, fẹ́rẹ̀ẹ́ máà gba nǹkan kan. Etí fìlà Bàbá Alága, níbi tí aṣọ òfì pupa ti pàdé ojú ọ̀run, owó gọbọi ni. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ tó ń yí padà yìí ni ohun kan ṣoṣo tí irinṣẹ́ náà ń wò. Ó máa wá ipa tí àpapọ̀ owó bodè rẹ̀ kéré jù láti òkè dé ìsàlẹ̀, á yọ ọ́, á dí àlàfo rẹ̀, á sì tún bẹ̀rẹ̀.

Báwo ló ṣe ń mọ ipa tó kéré jù?

Ẹ wo fọ́tò kékeré yìí, ìlà mẹ́ta, píksẹ́lì mẹ́rin nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Owó bodè wọn nìyí:

1   4   2   6
5   6   3   7
9   8   1   4

Ẹni tó ń kánjú á bẹ̀rẹ̀ níbi tó wọ́n kéré jù lókè, ìyẹn 1. Lábẹ́ rẹ̀, 5 àti 6 ló wà, á mú 5. Lábẹ́ 5, 9 àti 8 ló bá, á mú 8. Ó ti ná 14. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ níbi 2 á bọ́ sí 3, á tibẹ̀ bọ́ sí 1, gbogbo ìnáwó rẹ̀ ò ju 6 lọ. Àwa tá a ń ti Kubwa wọ ìgboro láàárọ̀ mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ọ̀nà lè dá ní Dutse kó sì dí pa ní Berger.

Ohun tí kọ̀ǹpútà máa ń ṣe ni pé kò ní yan ọ̀nà kankan títí á fi dé ìsàlẹ̀. Oníbodè kọ̀ọ̀kan nílà kejì á bi àwọn tó wà lórí rẹ̀ léèrè, èyí tó wà lókè rẹ̀ gangan àti èyí tó wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀, pé: "Èló lèèyàn ti ná kó tó dé ọ̀dọ̀ yín?" Á mú èyí tó kéré jù, á fi tirẹ̀ kún un. Ìlà kejì á wá di 6, 7, 5, 9. Ìlà kẹta á ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, á di 15, 13, 6, 9. Ẹni tó kéré jù nísàlẹ̀ ni 6. Kọ̀ǹpútà á wá tọ ipa rẹ̀ padà sókè láti 1 sí 3 sí 2, á sì yọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Lórí fọ́tò tiwa, ipa kan ń kó píksẹ́lì 1080 lọ, ìgbà 840 ni wọ́n sì yọ ipa.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ ààyè Màmá ló jẹ?

Torí ibẹ̀ ló pọ́ọ́kú jù. Láàárín Alága àti Akọ̀wé, ojú ọ̀run ló wà lókè, omi adágún ló wà lágbedeméjì, koríko díẹ̀ ló wà nísàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kúrò níbẹ̀, èèyàn ni lọ́tùn-ún, èèyàn ni lósì, ẹ̀wù léèsì, gèlè, fìlà. Ipa àkọ́kọ́ gba ibẹ̀. Èkejì náà gba ibẹ̀. Nígbà tó máa fi kún ààyè ẹnì kan, ó ti jẹ ẹ́ tán, ó sì kọjú sí àwọn àlàfo yòókù. Ohun tó jẹ́ òfo lójú irinṣẹ́ náà ni ibi tí àwọ̀ kì í ti í yí padà. Pé àwa èèyàn lè fi òfo sọ̀rọ̀, pé ibi tá a ò dúró sí lè jẹ́ ibi tó ṣe pàtàkì jù nínú fọ́tò, kò sí oníbodè tó lè ka ìyẹn.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó ń dùn mí ju ti ààyè lọ, òun ni mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fojú sí jù. Ẹ mú fọ́tò òde ìyàwó kan, kẹ́ ẹ sún mọ́ ọn. Léèsì tí ìyàwó wọ̀ kún fún ihò àti òkúta tó ń kọ mànà, píksẹ́lì kan ò jọ èkejì rẹ̀. Owó bodè ibẹ̀ ga fíofío. Ẹ wá wo iwájú orí rẹ̀ àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀: awọ ara tó ń dán, tó jọra jálẹ̀. Pọ́ọ́kú ni. Tí fọ́tò bá kún dẹ́múdẹ́mú tí kò sí ojú ọ̀run tàbí ògiri tí irinṣẹ́ náà lè jẹ, ojú èèyàn ló máa jẹ, á sì fi léèsì sílẹ̀. Mo ti rí fọ́tò tí gèlè pé pérépéré, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó wé e sì ti fún wọlé bíi ti ẹni tó ń ṣàìsàn.

Àwọn tó dá a sílẹ̀ mọ̀ pé ojú èèyàn léwu fún un. Wọ́n fi hàn látìbẹ̀rẹ̀ pé èèyàn lè lo irinṣẹ́ tó ń wá ojú rí kó lè dáàbò bò ó. Photoshop náà ní bọ́tìnì kan tó ń ṣọ́ àwọ̀ awọ ara. Ṣùgbọ́n àwọ̀ náà ló ń wá, ohunkóhun tí àwọ̀ rẹ̀ bá jọ ti awọ ara lè wọ abẹ́ ààbò yẹn pẹ̀lú. Mo máa ń tẹ bọ́tìnì náà, mo sì tún máa ń fi ojú ara mi wò ó. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí Twitter, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ọgbọ́n gígé etí nìyẹn, kì í ṣe ti yíyọ ipa. Láti 2018, kọ̀ǹpútà ló ń yan apá tí wọ́n máa fi hàn nínú fọ́tò. Ní 2020, àwọn èèyàn kígbe pé ó ń yan ojú òyìnbó ju ojú aláwọ̀ dúdú lọ. Ilé iṣẹ́ náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbà pé ìyàtọ̀ wà, ó sì fi yíyan apá tí wọ́n máa fi hàn sílẹ̀ fún ẹni tó ni fọ́tò ní 2021. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà á mọ ohun tó ṣe pàtàkì nínú fọ́tò wa, kó kọ́kọ́ bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ ọ́n.

Ṣé a lè sọ fún un pé kó má fọwọ́ kan ibì kan?

A lè sọ bẹ́ẹ̀, kò sì le. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà á mú búrọ́ọ̀ṣì inú kọ̀ǹpútà, á fi kun ibi tó fẹ́ dáàbò bò. Owó bodè gbogbo píksẹ́lì ibẹ̀ á fò sókè débi pé ipa kankan ò ní lè gbabẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Bó ṣe jẹ́ pé ẹni tó tẹ kàlẹ́ńdà wa ò ṣe é ló dá apá kan wàhálà náà sílẹ̀, bó sì ṣe jẹ́ pé àwa náà ò sọ fún un pé ààyè yẹn ní ìtumọ̀ ló dá ìyókù sílẹ̀.

Búrọ́ọ̀ṣì kan náà lè ṣe òdìkejì. Tí wọ́n bá fi kun èèyàn kan pé owó bodè rẹ̀ kò tó òfo, gbogbo ipa á máa gba ara rẹ̀ kọjá títí á fi pòórá, àwọn tó wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀ á sì fara kan ara wọn. Nítorí náà, tí wọ́n bá gbé fọ́tò kan jáde níbi ẹjọ́ ilẹ̀ tàbí ẹjọ́ ìgbéyàwó pé ẹ wo bí lágbájá ṣe sún mọ́ tàmẹ̀dò, ẹ ní kí wọ́n mú fáìlì tí kámẹ́rà kọ́kọ́ yà wá. Irinṣẹ́ yìí kì í bọ̀wọ̀ fún jíjìnnà àti sísúnmọ́ra rárá.

Tí wọ́n bá fẹ́ kí fọ́tò fẹ̀ sí i ńkọ́, ipa náà ni wọ́n ń lò. Wọ́n á wá àwọn ipa tó pọ́ọ́kú jù, wọ́n á sì fi òmíràn tó jọ ọ́ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Fídíò ńkọ́?

Fídíò jẹ́ fọ́tò tó ń yára tẹ̀ lé ara wọn. Tó bá jẹ́ 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣẹ́jú kan péré ti jẹ́ fọ́tò 1500. Tí kọ̀ǹpútà bá ń wá ipa nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ipa ti fọ́tò kìíní lè gba ọwọ́ òsì, ti èkejì lè fò sí ọwọ́ ọ̀tún. Fọ́tò kọ̀ọ̀kan á dára ní tirẹ̀, àmọ́ tí fídíò bá ń lọ, ògiri á máa gbọ̀n, ilé á máa mì.

Ní 2008, Michael Rubinstein pẹ̀lú Shamir àti Avidan mú ọ̀nà àbáyọ wá. Wọ́n to gbogbo fọ́tò inú fídíò pọ̀ bíi búrẹ́dì tí wọ́n ti gé, tí wọ́n ò tíì tú ká. Dípò kí wọ́n máa wá ipa kọ̀ọ̀kan nínú ègé kọ̀ọ̀kan, abala pẹlẹbẹ kan ni wọ́n ń wá tó gba inú gbogbo búrẹ́dì náà já látòkè délẹ̀, látiwájú dé ẹ̀yìn. Abala náà lè máa yí díẹ̀díẹ̀, kò gbọ́dọ̀ fò. Ìgbà náà ni fídíò dúró jẹ́ẹ́.

Síbẹ̀, ẹ má gbé fídíò òde wá fún mi pé kí n fún un pọ̀ báyìí kó lè wọ Status WhatsApp. Tí onífújì bá ti ki orin bọ nǹkan, tí gbogbo èèyàn dìde, tí àwọn tó ń náwó ń sún síwájú sún sẹ́yìn, ibo ni abala yẹn máa gbà tí kò ní gba ara èèyàn? Gígé etí ni mo máa ń ṣe, màá sì máa sún ojú ibi tí mo gé tẹ̀ lé ẹni tó ń jó.

Báwo lẹ ṣe lè mọ fọ́tò tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí?

Ẹ má wo èèyàn. Ẹ wo ohun tó yẹ kó gùn gbọọrọ: òpó kánọ́pì, ìlà táìlì, irin ojú wíńdò, lẹ́tà ara bánà. Níbi tí ipa bá ti gba inú wọn kọjá ní ìdagun, wọ́n á ṣẹ́ tàbí kí wọ́n tẹ̀. Ohun tí mo fi han Bàbá Alága nílé rẹ̀ nìyẹn. Mo gbé kàlẹ́ńdà sápá kan, mo gbé fóònù mi tí fọ́tò gan-an wà lórí rẹ̀ sápá kejì. Òpó kánọ́pì tó wà lẹ́yìn wa dúró gbọnin lórí fóònù. Lórí kàlẹ́ńdà, ó tẹ̀ níbi ìgbáròkó bíi ọ̀pẹ tí atẹ́gùn ń fẹ́. Bàbá fi ìka tọ̀ ọ́ látòkè délẹ̀, ó ní: "Àṣé ibí ló gbà kọjá."

A tún un tẹ̀. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì kun ààyè Màmá, mo kun òpó, mo kun gbogbo ojú. Ipa 200 péré ni mo yọ, láti inú omi tó wà lápá ọ̀tún pátápátá, níbi tí kò sẹ́ni tó dúró. Mo dín ìyókù kù bákan náà títí ó fi wọ ojú ibi tí wọ́n fún wa. Àlàfo kù lókè àti nísàlẹ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ la kọ sí tòkè. Ọmọ Màmá ló ní ká kọ orúkọ ìyá òun sí tìsàlẹ̀, kó bọ́ sábẹ́ ibi tó máa ń dúró sí gan-an.